Òkúta Wẹ́wẹ́ Inú Agolo

   

Lọ́jọ́ Àìkú tó kọjá, ìyàwó mi ń gbá pálọ̀. Ó gbálẹ̀ dé ìdí kọ́bọ́ọ̀dù tí mo máa ń kó àwo orin sí, ó dúró, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kà. Nígbà tó kà tán, ó fi ìgbálẹ̀ ti ògiri. Ó ní, "Dádì, mẹ́sàn-án ni mo kà. Àwòrán iwájú wọn, kan náà. Orúkọ tí wọ́n kọ sí i, kan náà. Ṣé ẹ fẹ́ máa tà wọ́n ni?"

Mo ní kì í ṣe àwo kan náà. Ó wò mí bí èèyàn ṣe ń wo ẹni tí ibà ń kó ọ̀rọ̀ sí lẹ́nu, ó sì gbá ilẹ̀ rẹ̀ lọ. Mo wá rò ó pé orí afẹ́fẹ́ ni màá ti dá a lóhùn, torí bó bá ń dáná alẹ́, rédíò kì í kú nílé ìdáná wa. Níbí, kò sí ìgbálẹ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Àwo tí mo ń wí yẹn, Band on the Run lorúkọ ẹ̀. Paul McCartney ló gbé e jáde, òun àti ẹgbẹ́ rẹ̀ tó ń jẹ́ Wings. Ẹ̀yin àgbà mọ Paul: ọmọ Liverpool, ọ̀kan nínú àwọn mẹ́rin tó jẹ́ Beatles. Orin rọ́ọ̀kì ni, orin oníná, orin gìtá tó ń ké. Bẹ́ ẹ bá ń bi ara yín pé kí ló kan ará Ìbàdàn níbẹ̀, ẹ fara balẹ̀. Èkó ni wọ́n ti ṣe é.

Oṣù kẹjọ ọdún 1973 ni wọ́n balẹ̀. Paul ló ní kí ilé-iṣẹ́ EMI to orúkọ àwọn ìlú tí wọ́n ní sítúdíò sí fún òun. Ó wo ìwé náà, ó mú Èkó. Ó rò pé òun á máa yá oòrùn létíkun lọ́sàn-án, òun á máa kọrin lálẹ́. Ẹ̀yin náà mọ bí Èkó ṣe ń rí nígbà òjò. Òjò ló pàdé. Kó tó kúrò nílé pàápàá, méjì nínú ẹgbẹ́ ẹ̀ ti fi í sílẹ̀, Henry McCullough tó ń ta gìtá àti Denny Seiwell tó ń lu ìlù. Ó wá ku òun, ìyàwó rẹ̀ Linda, àti Denny Laine. Paul fúnra ẹ̀ ló jókòó ti ìlù. Ní sítúdíò EMI tó wà ní Wharf Road, Àpápá, ọ̀nà mẹ́jọ péré ni ẹ̀rọ wọn lè gba ohùn sí lórí téèpù. Lálẹ́ ọjọ́ kan, àwọn olè fi ọ̀bẹ dá òun àti Linda dúró lójú títì, wọ́n gba àpò tí kásẹ́ẹ̀tì àwọn orin náà wà nínú ẹ̀, àtìwé tó kọ ọ̀rọ̀ wọn sí. Orí ló fi rántí wọn, lọ́kọ̀ọ̀kan. Ti Fẹlá, tó ní Paul wá jí orin aláwọ̀ dúdú kó, ẹ ti gbọ́ ìyẹn níbi gbogbo, n kò ní tún un sọ. Ti Ginger Baker ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ gbọ́.

Ginger Baker, òyìnbó tó lu ìlù fún ẹgbẹ́ Cream, ti kọ́ sítúdíò tirẹ̀ sí Ìkẹjà nígbà yẹn, ARC ni wọ́n ń pè é. Inú ẹ̀ kò dùn rárá pé Àpápá ni Paul gbà lọ. Kí ọ̀rọ̀ má bàa di ìjà, Paul lọ sí Ìkẹjà, wọ́n ṣe orin kan níbẹ̀, Picasso's Last Words. Nínú orin yẹn, Ginger Baker bu òkúta wẹ́wẹ́ sínú agolo, ó ń mì ín. Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Agolo àti òkúta. Ọmọdé ilé wa tó fẹ́ ṣe ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ tí kò rí igbá, ohun tó máa ń ṣe nìyẹn.

Torí òkúta yẹn ni mo ṣe ní àwo mẹ́sàn-án.

Ẹ̀gbọ́n bàbá mi kan ṣiṣẹ́ ní èbúté Àpápá. Atukọ̀ òkun kan tí kò rówó sìgá ló gbé àwo yẹn fún un. Nígbà tí bàbá náà wá kí wa ní 1981, ó gbé e sórí rédíògírámù bàbá mi, ó rọra sọ abẹ́rẹ́ síbi tó fẹ́ gan-an, ó ní, "Ìwọ ọmọ yìí, sún mọ́bí. Ìkẹjà ni wọ́n ti mi agolo yìí. Gbọ́ ọ." Mo dẹtí. N kò gbọ́ agolo kankan. Nǹkan kan kàn ń ṣe ṣìì lábẹ́ orin, bí epo tó fẹ́rẹ̀ẹ́ gbóná tán. Mo ní, "Mo ti gbọ́ ọ, sà." Irọ́ ni mo pa. Inú ẹ̀ dùn débi pé ó fi àwo náà ta mí lọ́rẹ.

Ó tó ọdún mẹ́rìnlá kí n tó gbọ́ ọ. Mo lọ kí àbúrò mi kan tó ń gbé ní Peckham, ní Lọ́ńdọ̀n. Ó ti rí àwo náà níbi tí wọ́n ti ń ta àlòkù, ó rà á ní pọ́n-ùn méjì. "Ẹ̀gbọ́n, mo bá àwo yín pàdé o." Lẹ́yìn oúnjẹ, a gbé e sí i. A jókòó títí ó fi dé ibẹ̀. Òkúta! Mo gbọ́ òkúta. Wọ́n ń kọlu ara wọn, wọ́n ń kọlu ẹ̀gbẹ́ agolo, ọ̀kan lẹ́yìn èkejì, ó kù díẹ̀ kí n máa kà wọ́n. Mo ní kó gbé abẹ́rẹ́ padà. Ó gbé e padà. Mo tún ní kó gbé e padà. Nígbà kẹrin, ó wojú mi, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé kò sí nǹkan?"

Orin kan náà, ọjọ́ kan náà, agolo kan náà. Kí ló wá fà á tí ti Peckham fi jẹ́ òkúta, tí tèmi nílé sì jẹ́ epo gbígbóná? Lóòótọ́, abẹ́rẹ́ rédíògírámù bàbá mi ti kú, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìṣó, ó sì ti họ àwo yẹn bí ẹni ń họ iṣu. Ṣùgbọ́n mo ti wá ra òmíràn tó mọ́ láti ibi tí ti àkọ́kọ́ ti wá, mo sì ti gbọ́ ọ lórí ẹ̀rọ tó dáa. Ìyàtọ̀ ṣì wà níbẹ̀.

Ẹ jẹ́ n ṣàlàyé. Téèpù ni wọ́n ń kọrin sí, àwo ní tiẹ̀, fífín ni wọ́n ń fín in. Ẹnì kan á jókòó ti ẹ̀rọ, á gbé àwo álúmíníọ̀mù tí wọ́n fi ọ̀dà rírọ̀ bò síwájú, abẹ́rẹ́ gbígbóná á máa la poro sójú ẹ̀ bí orin ṣe ń lọ. Poro, bíi ti oko. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ rò pé poro ojú àwo pọ̀, ọ̀kan ṣoṣo ni o, ó ń yí bíi karawun ìgbín láti etí títí dé àárín. Bí ohùn bá rinlẹ̀, bíi ti gìtá béèsì, poro á fẹ̀, á máa ṣe kọ́lọkọ̀lọ. Bí ohùn bá tín-ín-rín, á kàn máa gbọ̀n wìrìwìrì. Ẹni tó ń fín in ló máa pinnu. Ṣé kó fi béèsì sílẹ̀ kó gba ilẹ̀ tó fẹ́, kí ilẹ̀ má wá tó fún orin ìparí? Àbí kó fún gbogbo ẹ̀ pa, kó lè wọlé? Ẹ wo àwọn tó ń fín igbá ní Ọ̀yọ́. Ẹ gbé igbá kan náà àti àpẹẹrẹ kan náà fún àwọn méjì nínú wọn, ẹni tó bá mọ iṣẹ́ á sọ ọwọ́ ẹni tó fín ọ̀kọ̀ọ̀kan fún yín.

Ẹni tó fín ti Lọ́ńdọ̀n kọ́ ló fín ti Amẹ́ríkà. Ẹ̀dà téèpù sì ni wọ́n sábà máa ń fi ránṣẹ́ sókè òkun, kì í ṣe ojúlówó. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá ti da kásẹ́ẹ̀tì kọ láti ara kásẹ́ẹ̀tì rí, ẹ mọ ohun tí mo ń wí.

Tẹ́nì kan bá ní àsọdùn ni, mo máa ń sọ ti Led Zeppelin fún un. Ní 1969, Robert Ludwig ló fín àwo wọn kejì ní Amẹ́ríkà, ó sì fín in tagbáratagbára, ó jẹ́ kí ìlù àti béèsì gba gbogbo ilẹ̀. Àwo náà dé ọjà, abẹ́rẹ́ àwọn ẹ̀rọ tí kò wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fò kúrò nínú poro bí ọkọ̀ tó já sí kòtò. Ilé-iṣẹ́ Atlantic ní kí wọ́n tún un fín, kí wọ́n mú un rọlẹ̀. Èyí tó rọlẹ̀ yẹn ni ọ̀pọ̀ èèyàn fi gbọ́ orin náà fún ọdún púpọ̀. Èyí tó ń fò, lẹ́tà RL tí Ludwig fi abẹ́rẹ́ họ sí ìdí ẹ̀ ni wọ́n fi ń dá a mọ̀, ìyẹn ló sì wá di ọ̀wọ́n gógó. Páálí wọn kò yàtọ̀ o. Ẹni tí kò mọ̀ lè ní in nílé kó máa fi gbé ife tíì.

Ó tún ku ohun kan, ohun náà ló sì kan òkúta wa jù. Àwo ń yí ìgbà 33 àti ìdámẹ́ta ní ìṣẹ́jú kan, kì í yára jù bẹ́ẹ̀, kì í sì í falẹ̀. Létí àwo, abẹ́rẹ́ máa ń rin bí íǹṣì 36 kó tó yí po lẹ́ẹ̀kan. Tó bá fi máa dé ìdí, nítòsí bébà àárín, kò rìn ju bí íǹṣì 15 lọ, àkókò kan náà ló sì ń gbà. Ohun tí wọ́n nà gbalaja tẹ́lẹ̀, wọ́n ti wá ká a jọ bí ẹni sùn sórí bẹ́ǹṣì. Ohùn tín-ín-rín ló kọ́kọ́ ń jìyà ẹ̀: ṣaworo, ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀, òkúta inú agolo. Níbo wá ni Picasso's Last Words wà? Ojú kejì, ó ku orin kan kó parí. Ìdí àwo gan-an ni wọ́n gbé òkúta Ìkẹjà sí.

Ti Amẹ́ríkà wá le jù. Ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní orin mẹ́sàn-án. Ní ilé-iṣẹ́ Capitol ní Amẹ́ríkà, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Al Coury rọ Paul títí ó fi gbà kí wọ́n fi Helen Wheels kún un, orin kan tí wọ́n ti gbé jáde lọ́tọ̀. Helen yẹn, mọ́tò Land Rover wọn ni o, kì í ṣe obìnrin. Ojú kejì ni wọ́n fi sí, ṣáájú Picasso. Orin tó ju ìṣẹ́jú mẹ́ta lọ dé, ó wọ àárín èrò, gbogbo ẹni tó wà lẹ́yìn ní láti sún. Òkúta tún sún mọ́ ìdí sí i. Èmi gbà pé ibẹ̀ ni agolo ti di epo gbígbóná. Ti atukọ̀ yẹn, ti Amẹ́ríkà ni.

Bí wọ́n bá fín in tán, wọ́n á fi fàdákà kùn ún, wọ́n á rì í sómi oníná láti gbé irin lé e lórí, wọ́n á bó irin náà kúrò. Bàbá ni wọ́n ń pe irin àkọ́kọ́ yẹn. Láti ara bàbá ni wọ́n ti ń mú ìyá. Láti ara ìyá ni wọ́n ti ń mú òǹtẹ̀, òǹtẹ̀ ló sì ń tẹ ike gbígbóná di àwo. Bàbá ló ń bí ìyá níbẹ̀, ẹ má bi mí bí ẹbí yẹn ṣe jẹ́. Òǹtẹ̀ kì í pẹ́ gbó, wọ́n á sọ ọ́ nù, wọ́n á mú tuntun. Àwo yìí gorí téńté ní Amẹ́ríkà ní ìgbà mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ní 1974, ẹ wo iye òǹtẹ̀ tó máa jẹ.

Mo mú méjì wá sí sítúdíò lónìí. Ẹ jẹ́ n gbé ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sábẹ́ iná.

(Ìró àwo tí wọ́n ń fà yọ nínú páálí.)

Bébà àárín rèé, àwòrán èso ápù tútù ló wà níbẹ̀. Láàárín bébà yìí àti ibi tí orin parí sí, àyè kan wà tó ń dán, kò ju ìka méjì lọ. Ẹ tẹ̀ ẹ́ sọ́dọ̀ iná báyìí, ẹ ó rí nọ́ńbà tín-ín-tìn-tín. Nísàlẹ̀, nọ́ńbà tí wọ́n fi dá fífín mọ̀. Lápá òsì, nọ́ńbà ìyá: 2. Lápá ọ̀tún, lẹ́tà méjì: R, A. Àwọn ará EMI ní Hayes, níbi tí wọ́n ti tẹ̀ ẹ́, kì í kọ nọ́ńbà òǹtẹ̀ ní gbangba nígbà yẹn. Inú orúkọ ilé-iṣẹ́ wọn àtijọ́, Gramophone, ni wọ́n ti ṣa lẹ́tà, wọ́n fi LTD sí i: G ni 1, R ni 2, A ni 3, M ni 4, O ni 5, P ni 6, H ni 7, L ni 8, T ni 9, D ni òdo. R, A nígbà náà, 23. Òǹtẹ̀ kẹtàlélógún látara ìyá kejì. Ìgbà tí mo kọ́kọ́ tú u, ó ṣe mí bí ẹni tó ka àmì ojú àlejò tó sì mọ ìlú ẹ̀.

Àwọn ilé-iṣẹ́ Amẹ́ríkà ní tiwọn náà. Èyí tí wọ́n bá tẹ̀ ní Winchester, ní Virginia, àmì kan tó dà bí ìbọn ló wà ní ìdí ẹ̀, bíi ti ìbọn Winchester. Ti Los Angeles, ìràwọ̀. Ti Jacksonville, òdo kékeré. Mo ní oníbọn kan.

Níbi oníbọn yìí ni mo ti fimú kó eruku. Olùtajà kan lókè òkun ló fi àwòrán páálí hàn mí, ó ní ti 1973 ni, eléso ápù, kò tíì rí ìyà. Mo sanwó. Owó tí mo san, n kò ní dárúkọ ẹ̀ lórí rédíò tí ìyàwó mi ń gbọ́. Àpò náà dé lẹ́yìn oṣù kan àbọ̀. Páálí náà ti 1973 lóòótọ́. Mo fa àwo yọ: kò sí ápù, Capitol ni wọ́n kọ síbẹ̀. Páálí bàbá, àwo ọmọ. Mo kọ̀wé, kò dáhùn. Mo wá lọ wá oníbọn tó jẹ́ ti 1973 látòkè délẹ̀, èyí tó jẹ́ pé owó méjì ni mo fi ra ẹyọ kan. Èyí tí wọ́n fi rẹ́ mi jẹ yẹn, mi ò jù ú nù. Mo máa ń gbé e sí i tí mo bá ń gbálẹ̀. Kò tilẹ̀ burú, ẹ jọ̀ọ́.

Àwọn tó ń kó àwo jọ kún fún àrà o. Àwọn kan wà tó jẹ́ pé nọ́ńbà ni wọ́n ń rà. Àwo funfun tí àwọn Beatles ṣe ní 1968, wọ́n tẹ nọ́ńbà sára páálí ẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Èyí tó jẹ́ nọ́ńbà kìíní, ọwọ́ Ringo Starr ló wà, wọ́n lù ú ní gbàǹjo ní 2015 ní ẹgbẹ̀rún lọ́nà 790 dọ́là. Ẹni tó rà á, mo fẹ́ kí ẹnì kan bi í bóyá ó ti gbé e sórí ẹ̀rọ rí.

Ṣùgbọ́n mi ò lè fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ jù. Bí ẹnì kan bá bi mí pé àwo Paul wo ni ọkàn mi ń fà sí tí mi ò ní, Ram ni, ti 1971, èyí tí wọ́n tẹ̀ lọ́nà ohùn kan ṣoṣo. Ilé-iṣẹ́ rédíò ní Amẹ́ríkà nìkan ni wọ́n tẹ̀ ẹ́ fún, wọn kò tà á fún aráàlú. Wọ́n po orin yẹn lọ́tọ̀, kí ó lè dún dáadáa lórí rédíò kékeré bí èyí tó wà níwájú yín yìí. Àwa oníṣẹ́ afẹ́fẹ́ ló ni ín! Àwọn olùkéde ni wọ́n ń fún, àwọn náà gbé e kalẹ̀, wọ́n gbé kọfí lé e lórí. Ní 1988 ẹ̀wẹ̀, Paul ṣe àwo kan fún Soviet Union nìkan, ilé-iṣẹ́ Melodiya ló tẹ̀ ẹ́, orúkọ ẹ̀ lédè tiwọn ni CHOBA B CCCP. Ti àkọ́kọ́ ní orin 11, wọ́n wá fi kún un lẹ́yìn náà. Nígbà náà, kò sí ọ̀nà àtirà á ní Lọ́ńdọ̀n, bẹ́ẹ̀ ni àwọn èèyàn ibẹ̀ ń fi owó gọbọi wá a. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sì ni Paul fúnra ẹ̀ jókòó sí kọ ọ́ o.

Ẹ jẹ́ n padà sí kọ́bọ́ọ̀dù mi, kí ìyá àwọn ọmọ mi má ní mo ń yẹ ọ̀rọ̀ sílẹ̀. Méjì nínú mẹ́sàn-án yẹn jẹ́ ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Àbúrò mi fi ti Peckham ṣọwọ́ sí mi. Ìkejì ní ìwé àwòrán ńlá tí wọ́n kọ́kọ́ ń fi sínú ẹ̀, àwọn fọ́tò kéékèèké tí Linda yà nígbà tí wọ́n wà l'Ékòó. Ó ṣòro kí èèyàn rí i tó ṣì wà nínú páálí, ògiri yàrá àwọn ọ̀dọ́ ló gbé e jẹ. Mẹ́ta jẹ́ ti Amẹ́ríkà, ẹ ti gbọ́ ìtàn wọn. Ọ̀kan ní àwòrán lójú àwo gan-an, ti 1978. Ó wuyì lójú, etí ló kórìíra ẹ̀, ó ń pariwo bí òjò lórí páànù. Ti Japan dé pẹ̀lú ọ̀já bébà kan tí wọ́n fi dì í nẹ́gbẹ̀ẹ́, obi ni wọ́n ń pè é lọ́hùn-ún, ọ̀já aṣọ àwọn obìnrin wọn ni wọ́n fi sọ ọ́. Ìyàwó mi ló fẹ́ fa ọ̀já yẹn ya nígbà tó ń tún nǹkan tò, ó ní ìpolówó ọjà ni. Mo pariwo tí aládùúgbò fi yọjú. Bí ọ̀já yẹn bá ya, ìdajì owó àwo náà ló bá a lọ. Ẹ ò lè gbé ọmọ pọ̀n kẹ́ ẹ ya ọ̀já ẹ̀.

Lẹ́yìn tí Paul fi Capitol sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà, Columbia tún àwọn àwo rẹ̀ tẹ̀. Ní 1981 wọ́n tẹ èyí kan jáde tí wọ́n fín ní ìlàjì ìyára. Wọ́n á jẹ́ kí téèpù rìn ní ìlàjì, ẹ̀rọ tó ń fín in náà ní ìlàjì, abẹ́rẹ́ á wá ní ìlọ́po méjì àkókò láti fín ohùn tó tín-ín-rín. Ọ̀nà yẹn náà ni Miles Showell ní Abbey Road gbà fín ti àádọ́ta ọdún, èyí tó jáde ní oṣù kejì 2024. Ìyẹn ni mo rà kẹ́yìn.

Àwo méjì ló wà nínú páálí ti 2024 tí mo rà. Ìkejì ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀. Ní oṣù kẹwàá 1973, nígbà tí wọ́n gbé téèpù padà láti Èkó, Geoff Emerick tó bá wọn gba ohùn sílẹ̀ po orin náà pọ̀ lásán, kí Tony Visconti tó wá da fáólíìnì àti fèrè lé e lórí. Téèpù yẹn wà nílẹ̀ fún àádọ́ta ọdún. Òun ni wọ́n tẹ̀ sórí àwo kejì. Kò sí àgbádá lọ́rùn orin náà, bùbá lásán ló wọ̀. Bó ṣe rí kí àgbádá tó dé nìyẹn.

Mo gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀mẹta lóru ọjọ́ tó dé. Ní ìgbà kẹta, nǹkan kan sọ sí mi lọ́kàn. Mo dìde, mo fa àwo atukọ̀ yọ, èyí tí ẹ̀gbọ́n bàbá mi fún mi. Ó ti tó ogún ọdún tí mo gbé e sórí ẹ̀rọ kẹ́yìn. Ojú ẹ̀ ti họ, ó ní ibi kan nínú orin kìíní tí abẹ́rẹ́ máa ń kọ́ sí, ipa àtẹ́lẹwọ́ bàbá náà ṣì wà níbi tí bébà àárín ti ṣá. Mo dín ìdún ẹ̀ kù kí n má jí ilé. Mo gbé abẹ́rẹ́ sí ibi tó gbé e sí ní 1981.

Ṣìì. Epo gbígbóná. Mo dẹtí sí i. Mo ti mọ ibi tí àwọn òkúta wà báyìí, mo ti mọ ìgbà tí agolo ń lọ sókè àti ìgbà tó ń bọ̀ nísàlẹ̀. Nínú ṣìì yẹn, wọ́n ń kọlu ara wọn, díẹ̀díẹ̀, bí ìgbà tí ẹsẹ̀ èèyàn ń bọ̀ lórí tààrá. Wọ́n wà níbẹ̀ láti ọjọ́ yìí. Bàbá náà ti kú ní 1992.

Méjì ni mo mú wá síbí lónìí, mo ti sọ fún yín. Ìkejì kì í ṣe ti 2024. Rédíò kékeré kò ní fi gbogbo ìyàtọ̀ hàn yín, mo mọ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó bá wà nítòsí ilé ìdáná mi ní rédíò ńlá. Ìyá àwọn ọmọ mi, bá mi dín iná ọbẹ̀ yẹn kù. Ìṣẹ́jú kan péré. Mo ti nu eruku ojú ẹ̀. Ti ẹ̀gbọ́n bàbá mi la kọ́kọ́ máa gbọ́.

(Ìró abẹ́rẹ́ lórí àwo.)